Ẹ Mọ Ẹni Tó Ń Tanná

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Woolwich Common tẹ́ ẹ fẹ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn eré Tramshed, ẹ má fi ìkíni mọ sọ́dọ̀ olú òṣèré. Nínú Ọba Kò So, eré tí Dúró Ládiípọ̀ gbé dé Berlin ní 1964, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó. Síbẹ̀, bí onílù bàtá bá ṣì lù, ẹsẹ̀ Ṣàngó náà á ṣì. Ẹnìkan lè ní kóníkálukú gbájú mọ́ṣẹ́ rẹ̀, pé àfaramọ́ra ló ń di òfófó. Lóòótọ́, òfófó ti tú ẹgbẹ́ ká rí. Àmọ́ kéèyàn mọ orúkọ ẹni tó ń tanná, kó sì mọ àmì tó ń wò kó tó tàn án, kì í ṣòfófó. Ẹ tètè dé, ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìtàgé to àga, kẹ́ ẹ máa béèrè orúkọ àti iṣẹ́ wọn.