Anna Hinderer ní Kúdẹtì

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ó bá fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìlú onílùú, ṣùgbọ́n ó kan olùkọ́ ju àwọn yòókù lọ. Oníṣòwò lè ta ọjà rẹ̀ tán kí ó sì padà sílé láì mọ ìwà àwọn ará ìlú. Olùkọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí òbí tí yóò fi ọmọ rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́. Báwo, nígbà náà, ni àlejò ṣe ń di ẹni tí a lè fi ọmọ lé lọ́wọ́? Ìtàn Anna Hinderer ní ìlú Ìbàdàn yóò ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn ìbéèrè yìí.

Ní ọdún 1827 ni a bí Anna Martin ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Hempnall, ní ẹkùn Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó lọ gbé ní Lowestoft, ìlú kan ní etí òkun, níbi tí àlùfáà ìjọ àti aya rẹ̀ ti fà á mọ́ra bí ọmọ. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti lọ ṣiṣẹ́ Ọlọ́run ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1852, ó fẹ́ David Hinderer, ará Jámánì kan tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S., tí ó sì ti kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851. Ní ti iṣẹ́ tí Anna yóò ṣe, a kò dá owó oṣù kankan sílẹ̀ fún un. Ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni ó fi wá.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1853 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó. Wọ́n gba Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì dé Ìbàdàn ní oṣù Kẹrin. Ìbàdàn ìgbà náà kì í ṣe ìlú ọ̀lẹ. Ìlú jagunjagun ni, ó gbòòrò, èrò rẹ̀ sì pọ̀. Ní Kúdẹtì ni tọkọtaya náà fìdí kalẹ̀ sí, nínú ilé alámọ̀ tí a fi koríko bò. Ooru mú, ilé sì há, ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ó burú jù lọ ni ibà. Léraléra ni ó dá Anna wólẹ̀. Ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ń gbé àìsàn náà kiri; ní 1897 ni Ronald Ross tó rí i pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé. Afẹ́fẹ́ búburú láti inú irà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá lẹ́bi, nítorí náà wọn kò mọ bí a ti ń ṣọ́ra fún ẹ̀fọn. Ẹni tí ó bá rékọjá òkun wá ní ìgbà náà mọ̀ dájú pé ó ṣeé ṣe kí òun má padà.

Iṣẹ́ kìn-ín-ní tí Anna dáwọ́ lé ni kíkọ́ èdè. Ìwé wà tí ó lè tọ́ ọ sọ́nà, nítorí pé ní ọdún 1852 gan-an ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Síbẹ̀, ìwé nìkan kò tó. Àwọn ọmọdé ni olùkọ́ rẹ̀ gidi. Wọ́n ń wá wo òyìnbó obìnrin, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́ àṣìsọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ṣe di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ níwájú àwọn tí ó wá kọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá.

Ṣùgbọ́n kí a má rò pé gbogbo ilé ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Nínú ìlú tí ogun jíjà jẹ́ ọ̀nà ọlá, kí ni ọmọkùnrin yóò fi ìwé ṣe? Ẹ̀rù sì ń ba àwọn mìíràn pé ẹ̀kọ́ àjèjì yóò mú ọmọ kẹ̀yìn sí òrìṣà ìdílé rẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí lẹ́yìn náà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ìdí nìyí tí ìgboyà ìjòyè kan fi yẹ ní ìrántí. Òun ni ó fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, ránṣẹ́ sí Kúdẹtì láti kàwé. Títí di òní, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn ọmọbìnrin kan wà ní Ìbàdàn tí ó ń jẹ́ orúkọ Yéjídé. Anna kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, orin àti aṣọ rírán. Àwọn kan nínú wọn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sùn nínú ilé rẹ̀.

Títí di àkókò yìí, Anna ni ó ń fúnni. Àwọn ará Kúdẹtì ni ó ń gbà. Ogun ni ó yí i padà. Lẹ́yìn tí Aláàfin Àtìbà wàjà, Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù ọmọ Àtìbà ní ọba. Ní 1860, Ìbàdàn gbógun ti Ìjàyè; àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ṣùgbọ́n ìjà kò tán. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun. Létòlétò ni ọjà òkèèrè tán nílé Hinderer. Owó ẹyọ ni a ń ná nígbà náà. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, odidi ẹrù kan lórí alágbàrù. Bí ọ̀nà ti dí, owó kò lè wọlé mọ́.

Nígbà náà ni Anna bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìní rẹ̀ kí àwọn ọmọ inú ilé lè jẹun. Kò sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ mọ́ kúrò lára obìnrin tí ń wá ẹ̀wà àti iṣu ní ọjà. Ohun tí ará Ìbàdàn ń jẹ ni ó ń jẹ. Bí ebi bá pa ilé aládùúgbò, ó pa ilé tirẹ̀ náà. Ẹni tí ó wá ṣe olùrànlọ́wọ́ ti di ẹni tí inú rere àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń gbé ró. Ìgbà yìí gan-an ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú rẹ̀ ríran.

Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́ nígbà tí ó yá. Ní 1865, John Glover, tí ó ń ṣe olórí ìjọba ní Èkó, rán ọ̀gágun kan tí a ń pè ní Maxwell pẹ̀lú àwọn ènìyàn díẹ̀ láti la ọ̀nà mìíràn gba inú igbó dé Ìbàdàn. Wọ́n gbé Anna sínú àsokọ́ lọ sí Èkó, ó sì wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wo ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ìbá ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti gbádùn díẹ̀, Ìbàdàn ni ó tún padà sí. Ní 1869 ni àìlera lé e kúrò pátápátá. Ní oṣù Kẹfà 1870 ni ó kú, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì.

Kò yẹ kí a sọ ọ́ di ẹni tí kò ní àbùkù. Ó ka ẹ̀sìn àwọn baba ńlá wa sí òkùnkùn lásán, kò sì wádìí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tilẹ̀ ń gba orúkọ àjèjì níbi ìrìbọmi, bí ẹni pé orúkọ àbísọ kò tó ọmọ í jẹ́. Ẹni tí ó ń kọ́ni lè máa gba ohun kan lọ́wọ́ ọmọ láìfura bí ó ti ń fún un ní òmíràn.

Ṣùgbọ́n èso ni a fi ń mọ igi. Nígbà tí àwọn Hinderer lọ, iṣẹ́ náà kò kú. Daniel Olubi, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó di ìjọ Ìbàdàn mú. A fi jẹ oyè àlùfáà ní 1871. Olùkọ́ tí ó bá mú ohun gbogbo sọ́wọ́ ara rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yóò bá a wọkọ̀ padà. Ẹni tí ó bá gbà kí a kọ́ òun, kí a bọ́ òun, kí a sì rọ́pò òun, òun ni ó ti di ará ìlú.

Ìbéèrè

1. Èé ṣe tí òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ àyọkà yìí fi kan olùkọ́ ju oníṣòwò lọ?
2. Kí ni ó ń ba àwọn òbí Ìbàdàn lẹ́rù nípa ẹ̀kọ́ ìwé? Ǹjẹ́ ẹ̀rù wọn tọ́?
3. Ṣàlàyé bí dídí ọ̀nà etí òkun ṣe mú ebi wọ ilé Hinderer.
4. Kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: “Ọwọ́ tí kò mọ bí a ti ń gbà kò lè mọ bí a ti ń fúnni.”