Aago mélòó ni oòrùn ń kan àtàrí ní Okota?

Ìbéèrè: Níbi ìdíje ìmọ̀ gbogboogbò kan, wọ́n bi wá ní aago tí oòrùn ń kan àtàrí l'Ékòó. Mo ní aago 12 ọ̀sán, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ló dé? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Okota, Ìsọlọ̀)

Ìdáhùn: O kú ìbéèrè, ọmọ wa. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wákàtí 24 ni ayé fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ìṣẹ́jú 4 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan nínú 360. Aago Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣáájú ti Greenwich, ìlà ìwọ̀n 15 níhà ìlà-oòrùn ló sì bá mu. Ìlà yẹn ò tiẹ̀ kan ilẹ̀ wa. Kamẹrúùnù àti Ṣáàdì ló gbà kọjá. Okota wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 3.3, nítorí náà ọ̀sán gangan máa ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 47.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni oòrùn sì ń dúró sí àtàrí wa gan-an: ní nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án. Ní London, kì í ṣẹlẹ̀ rárá.

Dán an wò lóṣù kẹrin, torí kùrukùru òjò máa ń pọ̀ lóṣù kẹsàn-án. Gbé igi kan nàró ṣánṣán sí ojúlé yín. Ní aago 12, wàá ṣì rí òjìji rẹ̀ níhà ìwọ̀-oòrùn. Tó bá di nǹkan bí 12:49, òjìji náà á wọ ìdí igi lọ pátápátá.