Òbí, Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ Lójúkojú

Nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí wọ́n ti ilé-ìwé pa ní Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn olùkọ́ kan fi Zoom kọ́ ọmọ níṣojú òbí. Ilé-ìwé ti padà ṣí, ṣùgbọ́n ìpè olójúkojú yìí ṣì wúlò. Ta ló nílò rẹ̀ jù? Òbí tó wà lọ́nà jíjìn ni. Bàbá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fowó ilé-ìwé ránṣẹ́, ọmọ nìkan ló sì ń ròyìn ara rẹ̀ fún un. Ẹ wo ewu ńlá! Ọmọ tó ń fìdí rẹmi lè máa sọ pé dáadáa ni.

WhatsApp ti ní ìpè fídíò láti ọdún 2016; fóònù kan ti tó. Kí olùkọ́ ṣí ìwé ìṣirò síwájú kámẹ́rà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ibi tó ti ṣì í. Ẹ má lé ọmọ jáde o. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹjọ́ ló máa kà á sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ fóònù lò, ẹ bá ìyá tó wà lọ́jà pe olùkọ́. Dátà wọ́n lóòótọ́, nítorí náà ẹ fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ ṣáájú. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ fi ohùn nìkan parí rẹ̀.