Àìrìnpọ̀ Ejò: Ẹ̀kọ́ tí Kẹ̀kẹ́ Ológeere Kọ́ Mi

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ẹ̀kọ́ òwe ti oṣù yìí, òwe tí mo sì mú ni: "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà." Gbogbo wa la ti há a sórí ní JSS 1. Àwọn àgbà máa ń tú u báyìí pé, bí òkà bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí erè ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Mo gba máàkì lórí òwe yìí nínú ìdánwò. Àmọ́ mi ò mọ̀ ọ́n rárá, àfìgbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi gun kẹ̀kẹ́ nínú ìsinmi gígùn tó kọjá.

Kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan. Ní Abuja níbí, bí ẹ bá ti pe "kẹ̀kẹ́", ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé èrò ni àwọn ènìyàn máa rò. Èyí tí mò ń sọ ni kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Àwọn tó ti rìn jìnnà

Ọ̀rọ̀ Ọlábísí Àjàlá ló kó sí wa lórí. Ẹ mọ̀ pé bí ọmọ bá ń rìn kiri jù, àwọn òbí wa á ní, "Ìwọ Àjàlá yìí!" Ebenezer Obey pàápàá dárúkọ rẹ̀ nínú orin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé alùpùpù ni Àjàlá fi rin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tó sì kọ ìwé An African Abroad tó jáde ní 1963. Ohun tí èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ gùn. Ní 1952, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gbéra ní Chicago lóṣù kẹfà, ó dé Los Angeles lóṣù keje. Máìlì 2,280 ni wọ́n kà á sí, ìyẹn bíi kìlómítà 3,670. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó, ẹ rò ó bí ẹni tó lọ láti Èkó sí Abuja, tó padà, tó tún lọ, tó tún padà, tó tún wá lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Aṣọ ìbílẹ̀ wa ló ń wọ̀, ó sì ń dúró sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Nàìjíríà fún àwọn ará ibẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan tún wà, ọmọ Amẹ́ríkà, Thomas Allen àti William Sachtleben. Wọ́n jáde yunifásítì ní 1890, wọ́n sì mú kẹ̀kẹ́ pọ̀n. Ní 1891 wọ́n kúrò ní Constantinople, tí a ń pè ní Istanbul báyìí, wọ́n la Éṣíà kọjá títí wọ́n fi dé Peking ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 1892. Gbogbo ìrìn wọn lápapọ̀ gbà tó ọdún mẹ́ta. Àwọn méjèèjì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n parí, orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lára ìwé tí wọ́n kọ.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Mamadou Safayou Barry, ọmọ ilẹ̀ Guinea. Ní 2023, ó gun kẹ̀kẹ́ kúrò nílé torí ó fẹ́ kàwé ní Al-Azhar ní Íjíbítì. Ó gba Mali, Burkina Faso, Togo, Benin àti Niger kọjá kó tó dé Chad. Wọ́n tì í mọ́lé lọ́nà. Nígbà tó dé Chad, àwọn ènìyàn gbọ́ ìtàn rẹ̀, wọ́n ṣètò ọkọ̀ òfuurufú fún un dé Íjíbítì, ilé ìwé náà sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Òun nìkan ló gbéra o, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló débẹ̀.

Àwa méjì lọ́nà Bwari

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ò lè lọ Íjíbítì. Dutse Alhaji là ń gbé, a sì pinnu láti gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu géètì JAMB ní Bwari, ká fọwọ́ kàn án, ká padà. A ní ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án ní JSS, á pàs nígbà tó bá dé SS 3. Dádì mi ní àlọ àti àbọ̀ ò ní ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Ó gbà fún wa, àmọ́ ó ní, "Aago méjìlá kò gbọdọ̀ bá yín níta. Ẹ má sì fi ara yín sílẹ̀."

Kẹ̀kẹ́ mi ní jíà. Ti ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ti bàbá rẹ̀ àgbà, onírin wúwo tí kò ní jíà kankan. A pín ẹrù: pọ́ńpù, páàṣì àti gọ́ọ̀mù wà lọ́dọ̀ mi, omi àti búrẹ́dì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lójú wa, ọgbọ́n nìyẹn.

Ní àkọ́kọ́ a jọ ń lọ. Nígbà tó yá, ó sú mi. Gbogbo òkè tí a bá dé, mo ní láti dúró dè é. Bí a ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, mo kàn tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú, mo ń pariwo pé, "Àjàlá rèé o!" Mi ò wẹ̀yìn títí mo fi dé oríta Ushafa.

Ushafa ni abúlé àwọn Gbagyi tí Bill Clinton bẹ̀ wò ní 2000, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Mo dúró, mo ń wo àwọn òkè, mo ń retí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò dé. Ogún ìṣẹ́jú, kò dé. Mo kọ́kọ́ bínú pé ó lọ́ra. Lẹ́yìn náà òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí, omi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí, torí mo rántí pé bí táyà rẹ̀ bá jò, pọ́ńpù wà lọ́dọ̀ mi, àwa méjèèjì ò sì ní fóònù. Mo fi Hausa díẹ̀ tí mo gbọ́ bi ọlọ́kadà kan bóyá ó rí ọmọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́. Ó ní òun rí ọ̀kan, àmọ́ kò gùn ún, ńṣe ló ń tì í.

Mo padà. Gẹ̀rẹ́ tí mo fi ìdùnnú sọ̀, òun ni mo ń fi ẹkún gùn bọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò kan ni mo ti bá a, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ó ti ti kẹ̀kẹ́ wúwo yẹn débẹ̀ nínú oòrùn. Gbogbo ike omi méjèèjì ṣì kún. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò mu omi?" Ó ní, "Ṣebí ti àwa méjèèjì ni." Kò sọ nǹkan mìíràn. Ẹ gbà mí gbọ́, ó sàn kó gbá mi létí.

A lẹ táyà náà. Àmọ́ nígbà tí a ṣe tán, aago ti lọ, òjò sì ti ṣú. A ò dé JAMB. A padà sílé.

Bí a ṣe ń lẹ túùbù

Ẹ fi ọwọ́ fa túùbù jáde, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi. (Omi òjò inú kòtò ọ̀nà ni àwa lò.) Ibi tí ó bá ti ń hó ni ihò wà. Ẹ nù ún kó gbẹ, ẹ fi pépà oníyanrìn ha ibẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á. Ẹ má kánjú: ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ẹ tó lẹ páàṣì mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ rọra fi ọwọ́ wá inú táyà, torí bí ìṣó bá ṣì wà níbẹ̀, á tún un lu.

Òfin ẹni tó bá ń báni rìn

1. Ẹni tí kò yára ni kó ṣíwájú. Ẹni tó yára ni kó máa tẹ̀lé e. Bó bá dúró, ẹ máa mọ̀.
2. Kí oníkálukú gbé omi tirẹ̀. Kí ẹ sì pinnu nílé ibi tí ẹ ó ti máa dúró de ara yín.
3. Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà ni kí ẹ máa gbà, bí a ti ń ṣe ní Nàìjíríà láti 1972. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni, ẹ má tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín.
4. Ẹ dé akoto, ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà fún àwọn òbí yín.

Ẹ̀yin ará, mo ti rò pé òwe ejò ń bá àwọn ọ̀tá ejò wí ni. Rárá o. Ejò tó ṣíwájú ni ó ń bá wí, èyí tó rò pé oró òun nìkan ti tó.

Mo fi ìwé yìí han ọ̀rẹ́ mi kí n tó fi sílẹ̀. Ó kà á tán, ó ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti dárí jì ẹ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ náà pé èmi ni mo máa ṣíwájú nígbà Kérésì." Mo ti kọ ọ́ o.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa

1. Òwe mìíràn wo ló bá "Àìrìnpọ̀ ejò" mu? Sọ ìgbà tí a lè pa á.
2. Kí ló burú nínú bí a ṣe pín ẹrù wa?
3. Béèrè lọ́wọ́ àgbà kan nílé yín bí wọ́n ṣe ń lo kẹ̀kẹ́ ológeere nígbà èwe wọn, kí o sì wá sọ ọ́ fún wa.