Ìtọ́jú Wà fún Onínúfùfù

Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, gbogbo wa ni a máa ń bínú. Ṣùgbọ́n ìbínú kan wà tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ á da omi nù. Kí a tó ṣẹ́jú, ọwọ́ ti gbéra, ẹnu ti sọ ohun tí kò ṣeé kó padà. Lẹ́yìn náà ni àbámọ̀ á dé, síbẹ̀ yóò tún ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń dákẹ́ bí ó bá ti wọlé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pe ìdákẹ́ yẹn ní ọ̀wọ̀, ẹ̀rù ni.

Ànábì wa kọ́ wa pé kí ẹni tí ó bínú lórí ìdúró jókòó, bí ìbínú náà kò bá sì lọ, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èyí fi hàn pé a lè kọ́ bí a ṣe ń kápá ìbínú. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé lórí ìlera ara àti ti ọkàn. Ó ní kí ènìyàn kó èrò rere pamọ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni ń tọ́jú oògùn sílé de ọjọ́ àìsàn.

Ìtọ́jú òde òní kò jìnnà sí èyí. Olùtọ́jú á kọ́ onínúfùfù láti mọ àmì tí ara ń fi hàn: àyà tí ń lù kìkì, eyín tí ó pa pọ̀. Á kọ́ ọ láti mí kanlẹ̀, kí ó sì yẹ èrò rẹ̀ wò: ṣé lóòótọ́ ni ọmọ yìí fojú di mí, àbí ó gbàgbé ni? Wọn á jọ fi ohun tí ó máa ń bí i nínú dánra wò, títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí irú ìtọ́jú yìí tí ó gba ọ̀sẹ̀ 12. Ìbínú àwọn tí ó gbà á, yálà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan tàbí lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́, rọlẹ̀ ju ti àwọn tí ó ṣì ń dúró de ìtọ́jú lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dí wa lọ́wọ́. Ànábì ni ó pa á láṣẹ pé kí a wá ìwòsàn. Àdúà kò lòdì sí ìtọ́jú. Ẹni tí ó so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà ni ó gbára lé Ọlọ́hun. Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ti wà láti ọdún 1954, kì í sì í ṣe ẹni tí orí rẹ̀ dàrú nìkan ni irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ wà fún.

Àmọ́ ṣá o, ẹni tí wọ́n ń lù nílé kò gbọdọ̀ jókòó de ìwòsàn ẹni tí ń lù ú. Kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ yóò ti dè. Àwa ìjọ ni kí a gbà á sílé, kí a má sì fi ọ̀rọ̀ sùúrù dá a padà sínú ewu.

Kí Ọlọ́hun tu ọkàn wa lára, kí Ó sì fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sí ilé wa. Àmín.