Àpótí Ìmọ̀: Owó Gbà-má-bìínú fún Òṣìṣẹ́ Tó Fara Pa

Ní ọdún 2010 ni àwọn aṣòfin àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe Òfin Owó Gbà-má-bìínú fún Òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń dáwó: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, sínú àpò tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń bójú tó. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó oṣù ẹnikẹ́ni fún un. Òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ gé níka kò ní láti fi hàn pé ẹ̀bi ọ̀gá ni kó tó gba owó nínú àpò náà. Kó sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7.

Ibi tó wú wa lórí jù ni ìtumọ̀ tí òfin náà fún òṣìṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́, alágbàṣe, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí, àní ẹni tí wọ́n fi ẹnu lásán gbà síṣẹ́, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì àti bíríkìlà ni kò mọ̀.