Ẹ̀yìn Tó Ń Ro Wọ Ẹsẹ̀

Ẹni tó bá ti fi odindi ọjọ́ kan kọ ebè n'Ífẹ̀-Olúkòtún mọ̀ pé ẹ̀yìn á ro. Ṣùgbọ́n tí ìrora náà bá gba ìdí sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ kan bí iná, ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa fún iṣan sciatic, iṣan ìmọ̀lára tó nípọn jù lọ lára wa. Lọ́pọ̀ ìgbà, tìmùtìmù àárín eegun ẹ̀yìn ló yọ síta. Ara fúnra rẹ̀ lè fa èyí tó yọ yẹn run díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sàn láìlo ọ̀bẹ.

Ẹ má kàn sùn kalẹ̀ o, ẹ máa rìn. Ìlànà tí WHO gbé jáde lóṣù Kejìlá 2023 lórí ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ fọwọ́ sí eré ìdárayá àti oògùn bí ibuprofen (kì í ṣe fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú). Wọ́n ní ká má lo bẹ́líìtì ẹ̀yìn, ká má sì lo oògùn ìdílé tramadol.

Abẹ́rẹ́ ìdí lọ́wọ́ kẹ́místì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Inú ìdí ni iṣan yìí kan náà gbà kọjá; abẹ́rẹ́ tó bá gún un lè sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára.

Tí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí ìtọ̀ ò ṣeé tọ̀, tí kò ṣeé mú mọ́ra, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru.